Bí Mo Ṣe Yan Sákíìtì fún Piezo Oní 200 Fóltì

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń kọ́ni ní físíìsì ní Àgọ́-Ìwòyè ni ó gbé iṣẹ́ náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó fẹ́ kí jígí kékeré kan máa rìn síwá-sẹ́yìn níwájú iná léésà pupa, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí bí àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ṣe ń ṣípò lára ògiri. Piezo, ohun kékeré tí ń nà bí a bá fún un ní iná, tí yóò máa ti jígí náà, ti wà nílẹ̀. Bí a bá fún un ní 200 fóltì, ó ń nà tó máíkírómítà 10. Sákíìtì tí yóò máa darí rẹ̀ ni ó kù.

Fóltì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n èmi kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí jígí náà yára tó. Kàpásítọ̀, ohun tí ń gba iná pamọ́, ni piezo jẹ́ sí sákíìtì: bí fóltì bá dúró sójú kan, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa kárẹ́ńtì kankan, ìgbà tí fóltì bá ń yí padà ni ó ń fà á. Bí ó bá ń lọ sókè-sódò bí ìgbì, kárẹ́ńtì tí ó ga jù ni 3.14 lọ́nà iye ìyípo ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ́nà kàpásítáǹsì (ìwọ̀n iná tí ó ń gbà pamọ́ fún fóltì kọ̀ọ̀kan), lọ́nà fóltì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kàpásítáǹsì piezo tiwa jẹ́ 100 nánófárádì. Ìyípo 100 ìbá gba nǹkan bí mìlì-áḿpíà 6.3, ṣùgbọ́n ìyípo 5 tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kò gbà ju 0.31 lọ.

Ìwárìrì inú fóltì ni ó wá ká mi lára. Fóltì kan ṣoṣo ń sún jígí yìí ní nánómítà 50, bẹ́ẹ̀ sì ni jígí kò ní láti rìn ju 316.4 lọ, ìdajì gígùn ìgbì léésà náà, kí ìlà kan tó dé ipò èkejì. Ìwárìrì fóltì kan, nígbà náà, yóò mi àwọn ìlà náà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà àyè àárín wọn, ojú lásán yóò sì rí i.

Èyí ni ó mú kí n fi sákíìtì tí ń tanná-paná léraléra sílẹ̀, nítorí títàn-pípa náà máa ń fi ìwárìrì sínú fóltì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi iná ṣòfò, tí èmi fúnra mi ì bá sì yàn án fún iṣẹ́ tí ó yára. DRV2700, ṣíìpù kan tí wọ́n ṣe fún dídarí piezo, wù mí nítorí pé ó kéré, ṣùgbọ́n 200 fóltì tirẹ̀ jẹ́ láti -100 dé +100, bẹ́ẹ̀ piezo tiwa fẹ́ láti òdo sókè. Bí a bá fún un ní fóltì òdìkejì tó bẹ́ẹ̀, ó lè pa agbára nínà rẹ̀ lára.

Áńpù (ẹ̀rọ tí ń sọ fóltì kékeré di ńlá) lasán, tí kì í tanná-paná, tí ó lè gba fóltì gíga, ni mo yàn. Bátìrì 12 fóltì ni ó ń bọ́ ọ, nípasẹ̀ sákíìtì kékeré kan tí ń gbé e dé 220 tí mo sì sẹ́ ìwárìrì rẹ̀ dáadáa, kí ìró 50 hertz ti iná ìjọba má bàa wọlé. Mo fi rẹsístọ̀ kan, ohun tí ń dín ìṣàn iná kù, sáàárín áńpù àti piezo, nítorí kàpásítọ̀ lè mú kí áńpù máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo so rẹsístọ̀ méjì oní 4.7 mẹ́gà-óòmù tẹ̀ léra, mo sì fi wọ́n kọjá orí piezo; bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pa á, láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, 200 fóltì náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí fóltì kan.