Ìmìtìtì Ilẹ̀ ní Himalaya: Ohun Tí Ẹ Ń Bi Mí Ṣáá

Ṣé ooru ló ń fà á?
Rárá. Òjò náà kọ́.

Wọ́n fi ọjọ́ tí ìmìtìtì máa wáyé ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ṣé kí n pín in?
Ẹ pa á rẹ́. Kò sẹ́ni tó lè mú ọjọ́. Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́, ó ti sú mi.

Kí ló wá ń fà á?
Awẹ́ ilẹ̀, ìyẹn àpáta ńlá pẹrẹsẹ, tí Íńdíà wà lórí rẹ̀ ti ń rọ́ wọ abẹ́ Éṣíà láti bí 50 mílíọ̀nù ọdún. Ní Nepal, orílẹ̀-èdè tó wà ní àgbègbè òkè Himalaya, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ́dún ni. Àmọ́ ibi tí àpáta méjèèjì ti fara kanra há, kì í yọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kó tó já lójijì.

Kí ló dé tí ìmìtìtì ọdún 2015 gbé Kathmandu, olú-ìlú Nepal, sókè, tí àwọn òkè tó wà ní àríwá rẹ̀ sì wálẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló fi ìbéèrè yìí dá mi dúró ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi rí i dáhùn. Èmi tí mò ń kọ́ wọn pé ìforígbárí ló ń gbé òkè ró, báwo lòkè ṣe tún ń wálẹ̀? Mo yàwòrán títí, kò yé èmi gan-an. Rúlà oníke ló là mí lójú. Mo fi ìka tẹ orí rẹ̀ mọ́ tábìlì, mo ń ti ìdí rẹ̀ bọ̀. Àárín rẹ̀ tẹ̀ sókè bí ọrun. Bí mo ṣe yọ ìka báyìí, orí ta síwájú, àárín sì wálẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí àpáta fi há, àwọn òkè gíga ló ń tẹ̀ sókè. Nígbà tó já ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, apá gúúsù ta síwájú, àwọn òkè gíga sì rọ̀. Ohun tí rúlà ò fi hàn ni pé ojú ibi tó já dagun, ohun tó bá ta síwájú lórí rẹ̀ á gòkè pẹ̀lú. Kathmandu fi bíi mítà 1 gòkè. Nǹkan bí 9,000 ènìyàn ni ìmìtìtì náà pa.

Ṣé agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn?
Kò tán. Jíjá náà kò yọ sójú ilẹ̀, abẹ́ ló dúró sí. Ìwọ̀ oòrùn Nepal sì wà níbẹ̀ tí kò tíì rí irú ńlá bẹ́ẹ̀ láti 1505.

Bí ògiri bá sán, ṣé sìmẹ́ǹtì á tó o?
Ẹ jáde ná! Ẹnjiníà tó mọ ilé ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe bíríkìlà. Ọjọ́ 17 péré lẹ́yìn ti oṣù Kẹrin yẹn, òmíràn tó wọn 7.3 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀ dé. Ó wó àwọn ilé tó ti sán tẹ́lẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 200.