Bí mo ṣe fi mànàmáná di iná tó fẹ́ kú mú

Iná tó ń jó nínú tọ́báìnì gáàsì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pèsè mànàmáná, kì í fara balẹ̀ bíi ti sítóòfù ilé ìdáná. Afẹ́fẹ́ ń já lù ú pẹ̀lú eré burúkú, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dúró lójú kan. Bí gáàsì bá pọ̀ dáadáa nínú afẹ́fẹ́ náà, iná á dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ á pọ̀ jù. Methane, gáàsì tí tọ́báìnì ń jó jù, tó bá rí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó bá a mu gẹ́lẹ́ máa ń jó dé nǹkan bí 1,950°C. Bẹ́ẹ̀, tí ooru bá ti ń kọjá nǹkan bí 1,500°C, náítírójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀, wọ́n á di èéfín olóró tí wọ́n ń pè ní NOx, á sì máa tú jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe tọ́báìnì òde òní fi ń dín gáàsì kù tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ kún un. NOx lọ sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iná wá di ẹlẹgẹ́. Kí gáàsì tún dín díẹ̀ báyìí, ó ti kú.

Ti ẹ́ńjìnì bàálù tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lókè réré, afẹ́fẹ́ ò ki, ó sì tutù, ẹ́ńjìnì tó bá kú níbẹ̀ kì í fẹ́ tètè tàn padà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Òkúdù 1982, ẹ́ńjìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Boeing 747 kan kú lókè Indonéṣíà lẹ́yìn tó wọ inú eérú òkè ayọnáyèéfín Galunggung. Ìgbà tí bàálù náà ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú eérú ni wọ́n tó rí ẹ́ńjìnì tàn padà. Gbogbo èrò inú rẹ̀ ló yè. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ronú lórí iṣẹ́ yìí, àwọn èrò inú bàálù bẹ́ẹ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nínú yàrá ìwádìí tí mo wà ní Amẹ́ríkà ni pé kí n wọn bí mànàmáná díẹ̀ ṣe lè di irú iná ẹlẹgẹ́ bẹ́ẹ̀ mú tó, kí n sì mọ ibi tó yẹ kí mànàmáná náà ti bọ́ sínú iná. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa. Ní 2006, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Christophe Laux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga École Centrale Paris fi gáàsì propane ṣe é, wọ́n sì fi hàn pé plásímà (gáàsì tí mànàmáná ti gbà kọjá tó sì ń tan ìmọ́lẹ̀) tí agbára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára iná lè mú kí iná máa jó lọ níbi tó yẹ kó ti kú. Èmi lo methane, torí òun ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí tọ́báìnì ń jó, yálà ní ilẹ̀ ibí tàbí ní ilé iṣẹ́ mànàmáná Omotosho ní ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Bọ́nà wa, ìyẹn ohun tí iná ń jó lẹ́nu rẹ̀, kò le: ọ̀pá irin tó dúró lóòró, irin pẹrẹsẹ ribiti kan láàárín ẹnu rẹ̀, àti ọ̀pá gíláàsì quartz tó yí iná ká. Iṣẹ́ irin ribiti yẹn ni láti dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Gáàsì àti afẹ́fẹ́ tó ti pò pọ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, èyí tó ti jó á sì ṣẹ́rí padà sẹ́yìn irin náà, á máa yí po níbẹ̀ pẹ̀lú ooru rẹ̀. Ooru tó ń padà yìí ló ń tan àpòpọ̀ tuntun tó ń bọ̀. Ẹ fi ibi tí tútù àti gbígbóná ti ń pàdé yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Kí n tó ṣí gáàsì rárá, mo fi omi ọṣẹ ra gbogbo oríkèé páìpù, mo wò ó bóyá ó ń hó. Mo tan fáànù tó ń fa èéfín jáde, mo sì dán fáàfù pàjáwìrì wò. Ẹni tó bá fẹ́ fi mànàmáná ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ methane kò gbọdọ̀ fo èyíkéyìí nínú wọn.

Mànàmáná tí a ń lò kì í ṣàn geere. Ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ló ń wá: fóltì 10,000 láàárín abẹ́rẹ́ tungsten àti irin ribiti yẹn, àlàfo mìlímítà 5 ló sì wà láàárín wọn. Ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju nanosecond 10 lọ. Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, kí ẹ mú mẹ́wàá níbẹ̀, òun nìyẹn. Ìgbà 20,000 ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀? Torí pé ẹlẹ́kítíróònù, ẹyọ kékeré tó ń gbé mànàmáná, fúyẹ́ ju átọ́ọ̀mù lọ fíìfíì. Tí mànàmáná bá gbá a lójijì, ó ti sáré lọ kọ lu náítírójìn kí gáàsì tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Náítírójìn tó gba ẹ̀ṣẹ́ yìí á ru gùdù, tó bá sì pàdé ọ́síjìn, á gbé agbára náà fún un, ọ́síjìn á pín sí átọ́ọ̀mù méjì. Átọ́ọ̀mù ọ́síjìn tó dá wà bẹ́ẹ̀ ni iná ń wá kiri. Nínú iná lásán, ooru ló ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe wọ́n. Plásímà ń ṣe wọ́n lójú ẹsẹ̀. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ní Paris lórí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú gbóná, nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tó wà lójú ọ̀nà plásímà ló pín, ooru ibẹ̀ sì fi nǹkan bí 900 dígírì lọ sókè, gbogbo ẹ̀ láàárín nanosecond 20. Tí ẹ̀ṣẹ́ náà bá pẹ́ jù, mànàmáná á kàn máa dáná yá gáàsì lásán, á sì máa jẹ abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan plásímà, gbogbo ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà wọn ń fò sókè sódò, bẹ́ẹ̀ gáàsì kò yí padà. Mànàmáná tó gbéra tó sì kú láàárín nanosecond díẹ̀ máa ń pariwo bíi rédíò, gbogbo wáyà tó wà nítòsí ló sì ń gbọ́ ọ. Mo fi àwọ̀n bàbà bo bọ́nà yí po. Mo yọ wáyà ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò, mo fi bàbà pẹrẹsẹ tó kúrú rọ́pò rẹ̀. Mo wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ inú fiber (okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́) máa gbé àṣẹ láti kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ dípò wáyà. Ìgbà yẹn ni nọ́ńbà tó fara balẹ̀, mo sì gbà pé ohun tí mò ń kà sílẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí tọ́báìnì nílé. Nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún un lórí fóònù, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Àbúrò, èwo ni ti mànàmáná tó o fẹ́ fi ran iná lọ́wọ́? Ṣé kò ní jẹ ju èyí tí tọ́báìnì máa mú wá lọ?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná, mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán dá yín lóhùn.” Ìbéèrè yẹn ni mo lo àkókò lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti lè tan ara rẹ̀ jẹ jù.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ̀rọ kan ń wo fóltì, òmíràn ń wo bí mànàmáná ṣe ń ṣàn tó, oscilloscope sì ń ya àwòrán méjèèjì. Ẹ sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, ẹ ṣà á jọ, agbára jáde. Ṣùgbọ́n mànàmáná ń lo nǹkan bí nanosecond 5 kó tó rin mítà kan nínú wáyà irú èyí tí a ń lò. Bí wáyà kan bá fi mítà kan gùn ju èkejì, àwòrán méjèèjì ti fi nanosecond 5 ṣìnà síra wọn, lórí ẹ̀ṣẹ́ tí kò ju 10 lọ! Èsì tó bá jáde níbẹ̀ kò wúlò. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dín fóltì kù títí plásímà kò fi jáde mọ́. Ní irú ipò yẹn, àlàfo náà á kàn gba mànàmáná, á sì dá gbogbo rẹ̀ padà, kò ní jẹ nǹkan kan. Mo wá ń sún àwòrán kan síwá sẹ́yìn títí agbára tó jáde fi di òdo. Ibi tó ti di òdo ni mo so ó mọ́, mo tó gbé fóltì padà sókè.

Èsì: millijoule 1.5 (millijoule kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún joule) fún ẹ̀ṣẹ́ kan. Ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wáàtì 30 nìyẹn, bí ohun tí gílóòbù kékeré kan ń jẹ. Iná wa nígbà tó rẹlẹ̀ jù lọ jẹ́ nǹkan bí wáàtì 4,500. Mo pe ẹ̀gbọ́n padà, mo sọ nọ́ńbà náà fún wọn, mo sì fi kún un pé ẹ̀rọ tó ń ta ẹ̀ṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń fa ju wáàtì 30 lọ lára ògiri.

Ó wá ku wíwọn ibi tí iná ti ń kú. Mo fi afẹ́fẹ́ sí lítà 150 ní ìṣẹ́jú kan, mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Methane bẹ̀rẹ̀ láti lítà 11, ìyẹn ìdá 0.70 ohun tí afẹ́fẹ́ yẹn lè jó tán. Mo ń dín methane kù díẹ̀díẹ̀, mo sì ń dúró ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Dídúró yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Irin bọ́nà tó ti gbóná máa ń ran iná lọ́wọ́, ẹni tó bá sáré á rò pé plásímà ló ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ooru irin ni. Torí náà, mo fi thermocouple, ohun tó ń wọn ooru, sára irin, mi ò sì kọ nǹkan sílẹ̀ àfi tí nọ́ńbà rẹ̀ bá dúró. Mo tún da ètò rú, kì í ṣe kí èyí tí kò ní plásímà máa ṣáájú nígbà gbogbo.

Fún kámẹ́rà, mo ní kó máa ṣíjú lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ plásímà bá ti kú. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ṣẹ́ kan sí òmíràn jẹ́ microsecond 50, ìyẹn nanosecond 50,000, àyè wà dáadáa. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náítírójìn á bo ti iná mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ èwo ni èwo.

Láìsí plásímà, iná ń kú ní nǹkan bí lítà 9.4. Mo wá gbé abẹ́rẹ́ sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú fóltì kan náà.

Nígbà tó wà nínú àpòpọ̀ tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, òwú elésè àlùkò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kàn ń jó ní ẹnu abẹ́rẹ́. Ibi tí iná ti ń kú kò fẹ́ yí padà. Nígbà tí mo gbé e lọ sókè, sínú èyí tó ti jó tán, plásímà tàn rokoṣo, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìdí iná ló ti ń kú, plásímà lókè kò sì lè gbà á. Nígbà tí mo wá fi í sẹ́yìn irin ribiti, ní etí ibi tí tútù àti gbígbóná ti ń pàdé, iná náà jókòó. Methane lọ sílẹ̀ dé lítà 8.2 kó tó kú. Ìyẹn jẹ́ ìdá 0.52, methane tó sì wà nínú àpòpọ̀ yẹn kò ju 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní nǹkan bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, methane kì í lè jó nínú afẹ́fẹ́ lásán mọ́. Fóltì kan náà, bọ́nà kan náà, ibi tí abẹ́rẹ́ wà nìkan ló yàtọ̀.

Gáàsì tó gbóná kò ki, molecule inú rẹ̀ jìnnà síra. Ní 1,227°C, ìdá kan nínú márùn-ún molecule tó wà ní 27°C ló kù lójú ọ̀nà, torí náà ẹlẹ́kítíróònù rí àyè sáré kó tó kọ lu nǹkan, fóltì kan náà sì ń ṣiṣẹ́ ìlọ́po márùn-ún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, átọ́ọ̀mù ọ́síjìn tó jáde níbẹ̀ kò jìnnà sí àpòpọ̀ tuntun, afẹ́fẹ́ kò ráyè gbá a lọ kó tó wúlò. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí ẹni tó ń fi fóltì kún fóltì nígbà tí kò tíì wo ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà.

Plásímà fúnra rẹ̀ ń ṣe NO (ọ̀kan lára àwọn èéfín NOx) díẹ̀, ẹni tó bá fi èyí pamọ́ kò ṣe dáadáa. Mo wọ̀n ọ́n: pẹ̀lú methane kan náà, NO lọ sókè díẹ̀ nígbà tí plásímà tàn. Nígbà tí mo wá fi iná tó ń jó ní 0.52 pẹ̀lú plásímà wé èyí tó ń jó ní 0.70 láìsí i, èyí tó ní plásímà ló ṣì mọ́ jù. Torí náà, kò yẹ kí plásímà máa tàn nígbà gbogbo. Kó máa ṣọ́nà, kó tàn nígbà tí iná bá ń gbọ̀n tàbí tí ẹ́ńjìnì bá kú lókè, kó sì sinmi tó bá yá.

Ohun tó ṣì wà lọ́rùn wa ni ìfúnpá. Afẹ́fẹ́ lásán inú yàrá ni mo lò. Nínú ẹ́ńjìnì bàálù ńlá, ìfúnpá lè tó ìlọ́po 40 èyí, molecule á sì tún há mọ́ra. Ooru afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ti fún pọ̀ á ran plásímà lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tó. A gbọ́dọ̀ dín àlàfo kù tàbí kí á gbé fóltì sókè, abẹ́rẹ́ á sì túbọ̀ máa jẹ. Ìkòkò irin tó lè gba ìfúnpá ìlọ́po 10 ti afẹ́fẹ́ lásán ti wà nílẹ̀ báyìí, fèrèsé quartz rẹ̀ ni a ń dúró dè. Ibi àkọ́kọ́ tí màá gbé abẹ́rẹ́ sí nínú rẹ̀ ni ẹ̀yìn irin ribiti.