Bí a ṣe ń tún firmware TI-84 Plus ṣe láì sọ kàlíkúlétọ̀ di òkú

Kí owó tó jáde lápò, ẹ ka orúkọ tó wà lójú ẹ̀rọ náà dáadáa. TI-84 Plus tí ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀ ni iṣẹ́ yìí bá mu, tàbí Silver Edition rẹ̀. TI-83 Plus náà lè ṣe é, àmọ́ kò ní ihò USB, àrà ọ̀tọ̀ sì ni wáyà rẹ̀, ẹ ó wá a títí ní Ìbàdàn. Bí oní-tòkúnbọ̀ bá gbé TI-84 Plus CE aláwọ̀ mèremère wá, tó ní "èyí ló dé gbẹ̀yìn", ẹ dá a padà fún un. Kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù OS ti CE (nọ́ńbà àṣírí tí ilé iṣẹ́ fi ń jẹ́rìí sí OS, ìyẹn firmware tó ń darí ẹ̀rọ) gùn tó bít 2048, kò sẹ́ni tó já a. Láti ọdún 2020 sì ni ilé iṣẹ́ Texas Instruments ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àyè assembly (èdè tí a fi ń bá ọpọlọ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà) kúrò nínú rẹ̀.

Ti TI-84 Plus kò le tó bẹ́ẹ̀. Bít 512 péré ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìran rẹ̀. Ní 2009, Benjamin Moody fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo já ti TI-83 Plus láàárín nǹkan bí ọjọ́ 73, àwọn mìíràn sì pawọ́ pọ̀ já ìyókù. Ilé iṣẹ́ náà fi DMCA, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Amẹ́ríkà, halẹ̀ mọ́ àwọn tó gbé kọ́kọ́rọ́ náà síta, EFF, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì gbèjà wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè buwọ́ lu OS tí ẹ fọwọ́ ara yín tún ṣe lónìí, tí ẹ̀rọ á sì gbà á. Àmọ́ àwọn tó dé gbẹ̀yìn, tí boot code wọn (ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ) jẹ́ 1.03, ìbuwọ́lù bít 2048 ni wọ́n ń béèrè, wọn kò ní gbà á. Ẹ má wulẹ̀ gbé e lọ sí gbọ̀ngàn WAEC o, wọn ò gba kàlíkúlétọ̀ tó ṣeé kọ prógíráàmù sí níbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Bátìrì AAA mẹ́rin tuntun, kì í ṣe èyí tí ẹ yọ nínú rìmóòtù. Wáyà USB tí ẹnu rẹ̀ kejì jẹ́ mini-USB. Kò pọn dandan kí ẹ wá ti TI: wáyà kámẹ́rà àtijọ́ máa ṣe é, wáyà páàdì PS3 náà á ṣe é. Bí ẹ bá dé ilé géèmù kan ní Agbówó, ẹ béèrè wáyà páàdì tó ti gbó, ó dín owó ju kí ẹ máa rìn káàkiri Dùgbẹ̀ lọ. Ẹ kàn rí i dájú pé ó ń gbé dátà, nítorí òmíràn wà tí kò mọ̀ ju kó gbé iná lọ.

Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ni kí ẹ lò, Linux sì ni kó wà lórí rẹ̀. Windows náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ dráífà TI Connect (ètò ilé iṣẹ́ náà tó ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà) àti ti TiLP (èyí tí àwa máa lò fún iṣẹ́ kan náà) máa ń bá ara wọn jà níbẹ̀. Ẹ fi TiLP, TilEm (ètò tó ń ṣe bíi kàlíkúlétọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù), RabbitSign (èyí tó ń buwọ́ lu OS) àti hex editor kan tó bá wù yín (ètò tó ń fi báìtì fáìlì hàn ní hex, ìyẹn kíkà oní-mẹ́rìndínlógún) sí i. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ mọ́ láptọ́ọ̀pù, tí ẹ tẹ lsusb (àṣẹ Linux tó ń to ohun tó wà lórí USB), ó yẹ kí ẹ rí 0451:e003, tàbí 0451:e008 bó bá jẹ́ Silver Edition. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú TiLP.

Ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì pa á mọ́

Ẹ tẹ 2nd, kí ẹ tẹ +, kí ẹ wá mú 1 (About). Nọ́ńbà OS wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 2.43, tí fáìlì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ dúró sórí rẹ̀, nítorí ó máa ń yá gíráàfù yà ju àwọn tó ní MP nídìí lọ. Lórí 2.55MP ni mo gbé ìyókù àpilẹ̀kọ yìí kà, torí ó wà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni láti gbà.

Ẹ fi TiLP kó gbogbo ohun tó wà nínú RAM (ibi ìpamọ́ tó lè nù) àti Archive (èyí tí kì í tètè nù) sórí láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ROM dump tó wà nínú TiLP láti ṣe ẹ̀dà odindi ROM, níbi tí OS wà. Fáìlì tó bá jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ báìtì 1,048,576 gẹ́lẹ́, tàbí 2,097,152 fún Silver Edition. Bó bá dín báìtì kan, kò pé, ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣí i nínú TilEm kí ẹ rí i pé ó tàn.

Ẹ kọ́kọ́ fi assembly kékeré dán ọwọ́ wò

Ẹ ṣẹ̀dá prógíráàmù tuntun, ẹ pè é ní A. AsmPrgm ni kẹ́ ẹ fi sí ìlà àkọ́kọ́: inú CATALOG (2nd, 0) ni ẹ ó ti mú un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà lẹ́tà. Ìlà kejì nìyí:

21E807EF0745C9

Ẹ padà sójú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ sáré Asm(prgmA). Bí 2024 bá hàn, ẹ ti bá Z80, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, sọ̀rọ̀. 21E807 ló gbé nọ́ńbà náà sínú HL, ẹ̀yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, 07E8 ni 2024. EF ló ń pe iṣẹ́ tó wà nínú OS, 4507 sì ni àdírẹ́sì iṣẹ́ tó ń gbé HL sójú ẹ̀rọ. C9 ló ní kó padà sílé. Ẹni tó bá gbàgbé C9, ẹ̀rọ á máa sá lọ sínú ohunkóhun tó bá wà níwájú títí yóò fi gan. Tó bá gan, ẹ yọ AAA kan, ẹ dá a padà. RAM á lọ, Archive á dúró. Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n tẹ lẹ́tà O sí ipò òdo.

Ọ̀rọ̀ tí a máa yí padà

Nígbà tí RAM bá nù, OS máa ń kọ "RAM Cleared". A ó sọ ọ́ di "RAM ti lo". Ẹ kọ́kọ́ ṣe é lórí ROM inú TilEm: ẹ wá ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú hex editor, ẹ tẹ tuntun lé e, ẹ fi pamọ́ sórí ẹ̀dà, kì í ṣe sórí ojúlówó. Báìtì 11 ni "RAM Cleared", báìtì 11 náà ni tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ fi àlàfo méjì sẹ́yìn "lo". Bí ẹ bá fi báìtì kan kún un, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e á sún, àdírẹ́sì tí OS ń fò lọ á sì di òfo. Àmì ìsàlẹ̀ kò sí fún wa níbẹ̀, ẹ má wá a.

Tó bá ti tàn dáadáa nínú TilEm, ó kan .8xu, fáìlì OS tí a ó fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ní "kò sí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀". Ó wà níbẹ̀, wọn kò kàn kọ ọ́ bí wọ́n ṣe rò ni. Lẹ́yìn orí fáìlì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TIFL, Intel HEX ni ìyókù: lẹ́tà méjì méjì ni wọ́n fi kọ báìtì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ ó wá ni 52414D20436C6561726564. Bí ẹ kò bá rí i, ó ṣeé ṣe kí ó gé sí orí ìlà méjì, nítorí ìlà kan sábà máa ń gbé báìtì 32 péré. Ẹ wá ìdajì rẹ̀.

Ẹ fi 52414D207469206C6F2020 rọ́pò rẹ̀. Ó ku báìtì tó gbẹ̀yìn ìlà náà, èyí tó ń ṣọ́ ìlà: gbogbo báìtì ìlà kan tí a bá rò pọ̀ mọ́ ọn gbọ́dọ̀ parí sí 00. Ohun tí ẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ ni ẹ ó fi kún un. Ọ̀rọ̀ tuntun wa fi 152 dín sí ti àtijọ́, ìyẹn 98 ní hex. Tó bá jẹ́ 3A ló wà níparí ìlà, ẹ sọ ọ́ di D2. Tó bá jẹ́ B0, ó di 148, ẹ ju 1 iwájú nù, ó ku 48. Bí ọ̀rọ̀ bá gé sórí ìlà méjì, ìlà kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó ṣírò lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí RabbitSign da ìbuwọ́lù àtijọ́ nù, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ 0A buwọ́ lù ú. 04 ni ti TI-83 Plus. Ẹni tó bá pààrọ̀ wọn, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́.

Fífi ránṣẹ́: ẹ fara balẹ̀ níbí

Ohun tí wọn kì í sọ fún alákọ̀ọ́kọ́ nìyí: ẹ̀rọ á ti pa OS àtijọ́ rẹ́ kí tuntun tó wọlé tán, ìgbà tó bá sì wọlé tán ni ó tó ń yẹ ìbuwọ́lù wò. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín bá ní àléébù, ìparí ni ẹ ó mọ̀, nígbà tí kò ti sí OS kankan nínú ẹ̀rọ mọ́. Ẹ rí i dájú pé .8xu ojúlówó, èyí tí ọwọ́ yín kò kàn rí, wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ má sọ pé ẹ ó gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá yá. Ìgbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ẹ má fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń jẹ iná ìjọba ṣe é, bó tiẹ̀ jẹ́ pé iná kò tíì lọ láti àárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ kù díẹ̀ kò yàtọ̀ sí i. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún ni, kí ẹ sì pa ètò tó ń mú un sùn tí a kò bá fọwọ́ kàn án. Tààrà ni kí wáyà ti inú kàlíkúlétọ̀ bọ́ sínú ihò láptọ́ọ̀pù, kò gbọdọ̀ gba inú hub (àpótí tó ń pín ihò USB) kọjá.

AAA tuntun tí mo ní kí ẹ rà lókè, ibí ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ayédèrú kún ìgboro. Èyí tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ bíi pákó gbígbẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Fífi OS ránṣẹ́ ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀rọ kì í sì í sinmi láàárín rẹ̀, bátìrì tí kò lágbára á sì kú sọ́nà. Bí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ má tẹ bọ́tìnì kankan, ẹ má ṣí TI Connect lẹ́gbẹ̀ẹ́ TiLP, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kọ́ wáyà.

Bó bá já lójijì, tàbí tó kọ ìbuwọ́lù yín, ẹ má pariwo. Boot code wà ní ojú-ewé 3F (7F ni ti Silver Edition), .8xu kò sì lè dé ibẹ̀. Ẹ yọ AAA kan, ẹ tẹ DEL mọ́lẹ̀, ẹ dá bátìrì padà pẹ̀lú DEL lọ́wọ́, kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Bí ojú ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn, ẹ tẹ ON. Yóò kọ "Waiting... Please install operating system now." Ẹ fi OS ojúlówó ránṣẹ́ padà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ wá ibi tí ìṣirò ìlà yín ti wọ́.

Bó bá wọlé, ẹ tẹ 2nd, +, 7, ẹ yan All RAM, kí ẹ gbà pé kó pa á rẹ́. "RAM ti lo" ló yẹ kó hàn. Bí òyìnbó àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ojúlówó ni ẹ fi ránṣẹ́ ní àṣìṣe, ẹ wo orúkọ fáìlì. Bí ọ̀rẹ́ bá sì ní kí ẹ fún òun náà, ìlà tí ẹ yí padà àti báìtì inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ fún un, kò gbọdọ̀ jẹ́ fáìlì OS odindi, torí ohun ìní Texas Instruments ni ìyẹn ṣì jẹ́.