Ẹ Yé Fi Máàkì Tan Ara Yín Jẹ Nídìí Pípín Owó Ìlera

Mo ti bá ìgbìmọ̀ tó ń pín owó ìlera jókòó pẹ́, àwọn tó ń fún ètò ìlera kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí oríṣiríṣi òṣùwọ̀n, bí ẹ̀mí tó máa gbà là àti owó tó máa ná wọn, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n máa fún lówó. Ó pẹ́ débi pé ìyàwó mi ní ó kù díẹ̀ kí n máa fún ẹran inú ọbẹ̀ ní máàkì kí n tó bù ú jẹ. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ yìí ti sú mi.

1. Ẹ má ra sọ́fíwia olówó gọbọi. Excel tó. Bírò àti ìwé náà tó.

2. Nínú àwọn òṣùwọ̀n yín, ẹ má ka ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta. "Iye àwọn tó ń kú", "bí àìsàn náà ṣe le tó", "ọdún ẹ̀mí tó ń ṣòfò": ikú kan náà ni gbogbo wọn.

3. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Wọ́n á kó èèyàn jọ sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á pín fọ́ọ̀mù, wọ́n á ní: "Nínú àwọn òṣùwọ̀n yìí, èwo ló ṣe pàtàkì jù? Ẹ pín 100 máàkì láàárín wọn." Dókítà á fún ẹ̀mí ní 50, akáńtáǹtì á fún owó ní 40, ó parí. Pàtàkì láti ibo dé ibo? Ká ní ètò mẹ́ta ló wà nílẹ̀: nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti abẹ́rẹ́ magnesium sulphate fún aláboyún tí gìrì ń mú. Èyí tó wọ́n jù jẹ́ ₦52 mílíọ̀nù, èyí tó dínwó jù jẹ́ ₦50 mílíọ̀nù. Èyí tó dáa jù lórí òṣùwọ̀n ló ń gba 100, èyí tó kẹ́yìn ló ń gba òdo, torí náà Excel á fún ₦50 mílíọ̀nù ní 100, á fún ₦52 mílíọ̀nù ní òdo. Ẹ wá fi 40 tí akáńtáǹtì fún owó sọ máàkì yẹn di púpọ̀: ₦2 mílíọ̀nù péré ti fẹ́ bá ẹ̀mí èèyàn du ipò!

Bí a ṣe ń bi í ni pé: "Ètò kan rèé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lórí gbogbo òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ẹyọ kan ṣoṣo lọ sókè pátápátá, èwo lẹ máa kọ́kọ́ gbé?" Ìyẹn ni kí ẹ fún ní 100, kí ẹ wá fi ìyókù wé e. Nọ́ọ̀sì àgbà kan gbọ́ ìbéèrè yìí níbi ìpàdé kan, ló bá fagi lé gbogbo ohun tó ti kọ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó ní: "Bùrọ̀dá, ẹ ò ṣe tètè sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ má sì gbé ìdájọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà gbé e fún un lọ́dún 1990: ìtọ́jú tó lé ní 1,600 ni wọ́n tò, kí wọ́n lè mọ èyí tí ìjọba máa sanwó rẹ̀ fún àwọn aláìní; iye owó tí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ń ná wọn, tí wọ́n fi wé àǹfààní rẹ̀, ni wọ́n fi tò ó. Fífi ìbòrí bo eyín wá wà lókè iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì àti ti oyún tó dúró síta ilé ọmọ, torí pé eyín ò wọ́n. Ariwo ta, wọ́n da ìwé náà nù, wọ́n tún un tò, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sì ń fi ọwọ́ ara wọn gbé ìtọ́jú sókè sódò. Ó di 1994 kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè owó tó ṣeé pín. Owó àjẹsára tí Gavi, àjọ àgbáyé tó ń fowó ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ lórí àjẹsára, bá gbé wá, ẹ ò lè kó o ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo mọ ìgbìmọ̀ kan tó fún irú owó bẹ́ẹ̀ ní máàkì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n sì buwọ́ lu owó ọkọ̀.