Ẹ kọ ìtàn ayé yín sílẹ̀ kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, mo ní àbá kan. Tí ọjọ́ ìbí tàbí ìṣílé bá ń bọ̀, aṣọ ẹbí àti oúnjẹ la máa ń kọ́kọ́ rò. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ṣáájú. Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ àwọn ọdún tí nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ sí yín: ọdún tí ẹ ríṣẹ́, tí ẹ bímọ, tí ẹ sin òbí. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àdúrà tí ẹ ń gbà nígbà náà àti ẹni tí Ọlọ́run fi ràn yín lọ́wọ́. Èyí tó ṣì ń dùn yín, ẹ má fò ó. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n máa ń pọ̀ sí jù, lójú tèmi.

Nínú Bíbélì, ìwé Jóṣúà orí 4, òkúta 12 ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbé láti inú odò Jọ́dánì lọ sí Gílígálì, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí àwọn ọmọ yín létí. Àwọn olùrànlọ́wọ́ tó ṣì wà láyé, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ dúpẹ́.