Bí A Ṣe Ń Gbẹ̀bí Àgùntàn

Oyún àgùntàn máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 147. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ tí àgbò gùn ún sílẹ̀, ẹ ò ní máa jí lóru lásán.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ ya igun kan sọ́tọ̀, ẹ da koríko gbígbẹ sí i, kí áyódínì (oògùn apakòkòrò), aṣọ ìnura, ìbọ̀wọ́ onírọ́bà àti fídà sì wà nítòsí.

Bí ọmú rẹ̀ bá kún, tó kúrò láàárín àwọn yòókù, tó ń fẹsẹ̀ walẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ tó tún ń dìde, ó ti ń rọbí nìyẹn. Ẹ jìnnà sí i díẹ̀. Ibí yìí ni ọwọ́ ti ń yún ènìyàn. Mo ti fa ọmọ rí nígbà tí ọ̀nà kò tíì ṣí tán. Ìyá rẹ̀ ló fara gbá a.

Lẹ́yìn tí omi bá bẹ́, pátákò iwájú méjèèjì ló yẹ kó yọ, kí imú ọmọ gùn wọ́n lórí bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sódò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ káwọ́ gbera. Àmọ́ bí ìyá bá ti ọmọ fún wákàtí kan tí kò sí ìtẹ̀síwájú, tàbí tó jẹ́ orí nìkan tàbí ìrù lẹ rí, ẹ ké sí dókítà ẹran.

Ọmọ bọ́ sílẹ̀? Ẹ nu imú àti ẹnu rẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ fi koríko tọ́ ọ nímú kó lè sín. Ẹ gbé e síwájú ìyá kó lá a. Ibẹ̀ ló ti ń mọ òórùn ọmọ rẹ̀. Ẹ ri ìwọ́ rẹ̀ bọ áyódínì.

Ẹ wá fún orí ọmú méjèèjì wò, torí nǹkan bí ìda máa ń dí i. Wàrà àkọ́kọ́ yẹn, tó ki tó sì pọ́n, ló ń gbé àjẹsára wọ ara ọmọ: kó mu ún láàárín wákàtí méjì. Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹnu bá tutù, tí kò sì lè gbórí dúró, ẹ mú ara rẹ̀ gbóná ná. Wàrà tẹ́ ẹ bá dà sí i lẹ́nu lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ẹ má fa ibi ọmọ. Yóò jábọ́ fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Kí aláboyún má sì súnmọ́ iṣẹ́ yìí rárá, àrùn tó wà nínú omi àti ibi àgùntàn lè ba oyún jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fọwọ́ kan ikùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yó á dìde, á nà bí ológbò. Èyí tó ká kò, tí ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé fídà tọ̀ lọ.