Bí A Ṣe Ń Di Ẹrù Tó Fúyẹ́ Wọ Ọkọ̀ Òfurufú Lọ sí Ibi Òtútù

Ẹ̀rù òtútù ni ó máa ń sọ ẹrù di púpọ̀. Ẹni tí ń lọ sí ibi tí ojú ọjọ́ ti tutù yóò kó súẹ́tà mẹ́rin, yóò kó kóòtù méjì lé e, yóò tún ti bàtà kejì bọ igun báàgì nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó wúlò, títí sípù yóò fi kọ̀ tí kò ní pa dé mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí a bá mọ ohun tí ó ń mú ara móoru gan-an, báàgì kan ṣoṣo tí a lè gbé sí òkè ìjókòó nínú ọkọ̀ tó fún ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ kan, ó sì tó fún ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú.

Aṣọ kì í dá ooru. Ara wa ni ó ń dá a. Iṣẹ́ aṣọ ni pé kí ó má jẹ́ kí ooru náà sá lọ, afẹ́fẹ́ tí ó há sínú aṣọ àti sáàárín aṣọ kan àti èkejì ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Nítorí èyí, aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn lè mú ara móoru ju kóòtù kan tí ó nípọn tí ó sì wúwo lọ. Wọ́n tún ní àǹfààní kan tí kóòtù bẹ́ẹ̀ kò ní: a lè bọ́ ọ̀kan nígbà tí a bá wọ inú ilé tí ẹ̀rọ amúlémóoru ti ń ṣiṣẹ́, kí a sì tún un wọ̀ nígbà tí a bá ń jáde.

Aṣọ àkọ́kọ́ ni èyí tí ó kan awọ ara, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gba òógùn kúrò lára. Irun àgùntàn fẹ́lẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní merino, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé a lè wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Pọ́líẹ́sítà náà dára, ó sì yára gbẹ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rùn. Aṣọ kejì, bíi súẹ́tà irun àgùntàn, fleece (aṣọ rírọ̀ oníhùkùhùkù tí wọ́n sábà máa ń fi pọ́líẹ́sítà ṣe) tàbí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ki ìyẹ́ ẹyẹ sí nínú, ni ó ń dá ooru dúró. Ẹ̀kẹta ni jákẹ́ẹ̀tì òde tí atẹ́gùn àti omi kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tí ẹ ń lọ ni yóò sọ èyí tí ẹ óò náwó lé lórí jù. Níbi tí ìwọ̀n ooru bá wà láàárín 0 sí 5 Celsius tí òjò sì ń rọ̀, jákẹ́ẹ̀tì òde ni ọ̀gá. Níbi tí ó bá ti lọ sí 20 lábẹ́ òdo tí ojú ọjọ́ sì gbẹ, jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ ni yóò gbà yín. Irú jákẹ́ẹ̀tì yìí ṣeé ká títí yóò fi kéré bí ìgò omi, ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ìyẹ́ náà yóò lẹ̀ mọ́ra wọn, afẹ́fẹ́ kò ní rí ibi há sí mọ́, òtútù yóò sì ráàyè wọlé.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ nílé ni aṣọ òwú. Òwú máa ń mu omi, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Nígbà kan tí n kò tíì mọ èyí, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú sábẹ́ kóòtù ńlá, mo sì fa báàgì mi gun òkè kan nínú yìnyín. Òógùn bò mí. Nígbà tí mo dúró de bọ́ọ̀sì, síńgílẹ́ẹ̀tì náà lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn bí ewé tútù, mo sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kóòtù tí mo wọ̀ wúwo tó ọmọ ọwọ́. Ṣòkòtò jíìnsì náà, òwú ni. Ó wúwo, tí ó bá sì tutù, ó lè má gbẹ títí di ọjọ́ kejì.

Ní ti iye aṣọ, ẹ má ṣe ka ọjọ́ tí ẹ óò lò. Ẹ ka ọjọ́ tí ó máa wà láàárín fífọ aṣọ kan àti òmíràn. Èmi máa ń mú aṣọ àkọ́kọ́ tí ó ń kan awọ ara, méjì fún òkè àti méjì fún ẹsẹ̀, súẹ́tà kan, jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ kan, jákẹ́ẹ̀tì òde kan, ṣòkòtò méjì, pátá márùn-ún àti ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Fífọ wọn kò ní wàhálà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ aṣọ nínú baṣíà, ẹ tẹ́ táwẹ̀lì gbígbẹ sílẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ náà lé e, ẹ ká méjèèjì pọ̀ bí ẹní, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìdí. Táwẹ̀lì yóò fa omi tí ọwọ́ kò lè fún jáde, àti pé afẹ́fẹ́ inú ilé tí wọ́n ń mú móoru máa ń gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ fẹ́lẹ́ tí a sá lálẹ́ fi sábà máa ń ṣeé wọ̀ láàárọ̀.

Bàtà ni ó máa ń ba ìṣirò jẹ́. Ẹ mú ẹyọ kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè di yìnyín mú, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ wọ ọkọ̀. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ nínípọn dán an wò kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì rí i pé àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣì lè mì nínú rẹ̀, nítorí pé bàtà tí ó bá fún máa ń há ẹ̀jẹ̀ mọ́, kò sì ní fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú bàtà tí ó fún, tí wọ́n sì ń ṣe kàyéfì pé ẹsẹ̀ wọn ṣì ń tutù.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gba báàgì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 55, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 40, tí nínípọn rẹ̀ sì wà láàárín 20 sí 23. Kílò 7 sí 10 ni ó wọ́pọ̀ ní ti ìwúwo, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ wọn báàgì náà lófìfo ná. Báàgì onítáyà lè tó kílò 3, èyí tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì kílò 7, táyà rẹ̀ kì í sì í yí dáadáa nínú yìnyín. Báàgì àgbékọ́yìn ni mo yàn. Tí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n ẹrù, ẹ gbé báàgì náà, ẹ dúró lórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara, kí ẹ wá yọ ìwúwo tiyín kúrò. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rá tí ń fún afẹ́fẹ́ jáde nínú aṣọ tàn yín: ó ń dín àyè kù, kò dín kílò kù.

Kóòtù àti bàtà tí ó wúwo, ara ni kí ó gbé wọn, nítorí pé ohun tí ènìyàn wọ̀ kì í sábà dé orí òṣùwọ̀n. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́ kóòtù náà, torí pé inú pápákọ̀ máa ń móoru, ẹ óò sì bọ́ kóòtù níbi àyẹ̀wò ààbò. Nínú ọkọ̀, ó di aṣọ ìbora.

Ìpara ètè àti ti ara ṣe pàtàkì, nítorí pé òtútù gbígbẹ máa ń la awọ ara. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kò gbà ju mìlílítà 100 lọ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìgò náà sì gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rá kan tí ó ń gba lítà 1. Ìgò ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ohun tí ó kù nínú rẹ̀. Ìgò mìlílítà 200 tí ó kù ìdajì kò ní kọjá. Ọṣẹ líle kì í ṣe nǹkan olómi, ẹ mú un dípò ọṣẹ inú ìgò.

Pàwà báǹkì kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí abẹ́ ọkọ̀, èyí tí kò bá sì ju 100 Wh (watt-hour, ìwọ̀n agbára iná tí ó lè gbà sínú) lọ kò nílò àṣẹ pàtàkì lọ́pọ̀ ibi. Láti mọ Wh tirẹ̀, ẹ fi 3.7 sọ iye mAh tí wọ́n kọ sí i lára di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 pín in: 20,000 mAh jẹ́ 74 Wh. Tí ọkọ̀ bá kún tí wọ́n sì fẹ́ gba báàgì yín lẹ́nu ọ̀nà láti gbé e sísàlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ pàwà báǹkì náà kúrò nínú rẹ̀. Ní ti fóònù, àpò inú kóòtù, níbi tí ooru ara ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni kí ó wà, torí pé òtútù lè mú kí bátìrì kú lójijì nígbà tí ó ṣì ku ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Fìlà, ìbọ̀wọ́ àti ìborùn ni ẹ óò dì kẹ́yìn, ẹ má sì fi wọ́n sínú báàgì rárá. Àpò kóòtù ni kí ẹ kó wọn sí, torí pé nígbà mìíràn, wọ́n á ní kí èrò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn síta gbangba, kí wọ́n sì dúró de bọ́ọ̀sì nínú atẹ́gùn, nígbà tí báàgì ṣì wà lẹ́yìn yín tí ènìyàn mẹ́wàá sì ń tì yín lọ síwájú.